Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí “Over” Bẹ̀rẹ̀ Wọn Sọ́tọ̀, Kí Ẹ Má Baà Ṣì Wọ́n Lò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀, àfi gbólóhùn tó fi kádìí rẹ̀: “Kindly overlook my certificates.” Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fara balẹ̀ wo àwọn ìwé-ẹ̀rí òun. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé kí ọ̀gá náà gbójú fò wọ́n, kí ó ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ó ti fi lẹ́tà yìí kan náà ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rin kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Irú àṣìṣe yìí máa ń dùn mí, nítorí pé kì í ṣe àìkàwé ló fà á. Sípẹ́lì ọ̀rọ̀ náà pé, gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ẹ̀rọ tó ń tún sípẹ́lì ṣe lórí fóònù kò sì lè mú un. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ bíi márùn-ún jọ lé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lórí, nígbà tí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ti ní irinṣẹ́ tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́wọ́; bí a ó ṣe lò ó ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ń fi gbólóhùn àpẹẹrẹ sí abẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo èyí tó kàn ń to ọ̀rọ̀ tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ fún yín pé “overcome”, “overpower” àti “overthrow” túmọ̀ sí “defeat” lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé àjákọ kan àti bírò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lẹ́tà tàbí ìjábọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ rí, nítorí pé òun ni a ó fi dán iṣẹ́ náà wò ní ìkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iṣẹ́ tí “over” ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ pín ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ yín sí ọ̀nà márùn-ún, kí ẹ sì fi Yorùbá kọ àkọlé sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni “jù”, níbi tí nǹkan ti kọjá ìwọ̀n: “overload” ni kí a di ẹrù jù, “overcharge” ni kí a bu owó lé ọjà jù. Ìkejì ni “lókè”, bíi “overhead” àti “overcoat”, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ìkẹta ni “kọjá”: “overseas” ni òkè òkun, “overstep” ni kí a kọjá àyè wa, “overflow” ni kí omi kún kọjá etí nǹkan kí ó sì máa ṣàn dànù. Ìkẹrin ni “borí”, ilé àwọn ọ̀rọ̀ agbára. Ìkarùn-ún ni “ojú àti etí”, níbi tí “oversee”, “overlook” àti “overhear” ń gbé. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣubú jù.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà mẹ́rin yìí bẹ̀rẹ̀ ni ó jẹ́ ọmọ ilé. “Overt”, tó túmọ̀ sí ohun tó hàn gbangba tí a kò fi pamọ́, kò bá “over” tan rárá, bẹ́ẹ̀ ni “overture”, orin tí wọ́n fi ń ṣí eré, náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn méjèèjì ti wá, inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ṣíṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fi “jù” tàbí “borí” túmọ̀ wọn, ẹ ó ṣìnà.

Àyẹ̀wò: ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí “over” bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkọlé kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ kan bá kọ̀ tí kò dúró sí ibì kan, ó ṣeé ṣe kí ó ní ìtumọ̀ méjì. “Overrun” jẹ́ irú rẹ̀: bí iṣẹ́ bá gba àkókò ju iye tí a dá fún un, abẹ́ “jù” ló wà, bí eṣú bá ya bo oko, abẹ́ “borí” ló bọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sí ibi méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ya ọ̀rọ̀ ojú àti etí sọ́tọ̀

Ẹ má kánjú níbí. “Oversee” ni bójútó. Ẹni tó bá ń bójútó iṣẹ́ tàbí ìjọ ni “overseer”, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà fi ń pe olórí wọn ní “General Overseer”. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àbúrò rẹ̀, “overlook”, ni kí ẹ fi ojú sí lára, nítorí ó ní ìtumọ̀ mẹ́ta.

Ìtumọ̀ kan ni pé ojú ẹni fo nǹkan láìmọ̀: “I overlooked the second page” ni pé ojú mi fo ojú ewé kejì, n kò rí i. Òmíràn ni pé a rí nǹkan náà kedere, ṣùgbọ́n a mójú kúrò níbẹ̀: “She overlooked his rudeness” ni pé ó mójú kúrò nínú ìwà àfojúdi rẹ̀. Ẹ wo bí Yorùbá ti là á: ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe, èkejì jẹ́ àforíjì, ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọ́ sì yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò là á. Gbólóhùn tó yí i ká nìkan ni ó lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ìtumọ̀ kẹta jẹ mọ́ ibi gíga tí a ti lè rí ibòmíràn nísàlẹ̀: “Olumo Rock overlooks Abeokuta” ni pé Òkè Olúmọ dúró lókè, ìlú Abẹ́òkúta sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òkè Olúmọ kò gbójú fo ẹnikẹ́ni.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó túmọ̀ sí pé kí a yẹ nǹkan wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni “look over”, a ó sì dé orí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta.

Èyí tó wá le jù ni “oversight”, ọ̀rọ̀-orúkọ tí “oversee” àti “overlook” jọ ń pín lò. Nítorí náà ó lè jẹ́ ìbójútó, ó sì tún lè jẹ́ àṣìṣe tí ìgbójúfò fà, ohun méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ara wọn. Bí “an” bá wà níwájú rẹ̀, tàbí tí ó bá gba “s” láti di púpọ̀, àṣìṣe ni: “Your name was omitted through an oversight.” Bí kò bá ní “an”, tí “of” sì tẹ̀lé e, ìbójútó ni: “She has oversight of the accounts.” Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ “oversight function” lórí rédíò, ìbójútó ni wọ́n ń wí: iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin Àbújá ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń tọpinpin bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ń ná owó, èyí tí abala 88 nínú Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wọn lágbára láti ṣe.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún gbólóhùn bíi “Thank you for your oversight” nínú lẹ́tà sí ọ̀gá yín. Ẹ̀yin ń dúpẹ́ fún ìbójútó, ṣùgbọ́n “your oversight” ṣeé kà sí “àṣìṣe yín”, ẹni tó bá kà á lè rò pé ẹ ń gún òun lára. Ẹ kọ “supervision” tàbí “guidance”, kí ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Ẹ má sì fi “overview” dípò rẹ̀. Ìwòye gbogboogbò ni “overview”, àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi han ẹni tí kò ní àyè láti kà á tán.

Ní ti etí, “overhear” kì í ṣe kí a kàn gbọ́ nǹkan. Kí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá wa sọ ta sí wa létí ni, láìjẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀. Bí olùkọ́ bá ń bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀, ẹ kò lè sọ pé ẹ “overheard” rẹ̀. Bí ẹ bá sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dẹtí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ ti kúrò ní “overhear”, ẹ ti bọ́ sí “eavesdrop”, ẹ̀bi sì wà nínú èyí.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta pẹ̀lú “overlook”, kí ẹ sì kọ “ojú fò ó”, “mójú kúrò” tàbí “ó wà lókè” sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ẹlòmíràn ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nìkan kí ó fi Yorùbá sọ wọ́n. Bí ohun tó sọ bá bá ti yín mu, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wò ó bóyá “over” ṣáájú ni tàbí ó kẹ́yìn

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lè gba “over” sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà pátápátá. “Look over” ni kí a fi ojú gba inú nǹkan. “Overlook” ni kí a fò ó. “Rule over” ni kí a jọba lé àwọn ènìyàn lórí. “Overrule” ni kí a fi agbára ipò fagi lé ìpinnu tàbí àtakò ẹlòmíràn. Ọba kan kì í “overrule” ìlú rẹ̀. Ó lè “overrule” ìjòyè kan tó dá ẹjọ́ tí kò tọ́.

“Take over” ni kí a gba iṣẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. “Overtake” ni kí a lé ẹni tó wà níwájú bá kí a sì ré e kọjá, bí ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe lójú títì. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “Our company was overtaken last year”, òǹkàwé yóò rò pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ń tà jù yín lọ ni, kì í ṣe pé wọ́n ti ra tiyín. “Run over” ni kí ọkọ̀ gun nǹkan kọjá. “Overrun” ni kí nǹkan ya bo ibì kan. Ọkọ̀ “ran over” ewúrẹ́. Koríko ni ó “overran” oko.

“Turn over” tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ìdánwò ní kí ẹ ṣí ojú ewé kejì, ṣùgbọ́n “overturn” ni kí nǹkan dojú dé, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tàbí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Ọkọ̀ tó dojú dé nìkan ni ó lè gba méjèèjì láìsí ìyàtọ̀ púpọ̀.

Èyí tí mo máa ń rí jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ òwúrọ̀ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni “Sorry I am late, I slept over.” “Sleep over” ni kí a sun ilé ẹlòmíràn mọ́jú. Ẹni tí oorun gbé lọ kọjá àkókò ìjí rẹ̀ “overslept” ni. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré, pàápàá fún ẹni tó ti ní ìyàwó tàbí ọkọ sílé. Fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé “do it over” níbẹ̀ ni kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. “Overdo it” ni kí ẹ ṣe àṣejù.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí “overcome”. “We overcame” ni pé a borí. “We were overcome” ni pé nǹkan borí wa: ìbànújẹ́ bò wá mọ́lẹ̀, tàbí èéfín mú wa lómi. Mo ti gbọ́ ẹ̀rí níwájú ìjọ tí ẹni tó ń jẹ́rìí fi ìdùnnú sọ pé àwọn ẹbí òun “were overcome” níwájú ọ̀tá. Gbogbo wa mọ ohun tó ní lọ́kàn, a sì bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni gbólóhùn náà gbé ìṣẹ́gun fún.

Àyẹ̀wò: ẹ gbìyànjú láti ki “it” bọ àárín. “Look it over” àti “take it over” ṣeé sọ. Ọ̀rọ̀ tí “over” ṣáájú kò ṣeé là láàárín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni “it” yóò wà: “overlook it”, “overtake it”. Ẹ pe méjèèjì síta, kí ẹ sì bi ara yín léèrè èwo ni ẹ ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bèèrè irú agbára tó borí

Ẹni tó bá fi “borí” túmọ̀ gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ agbára kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ bèèrè pé: kí ni wọ́n fi borí?

Bí ó bá jẹ́ ìfaradà àti akitiyan, “overcome” ni: ènìyàn a máa “overcome” ìbẹ̀rù, ìṣòro àti àárẹ̀. Bí ó bá jẹ́ agbára ara, “overpower” ni, bí ìgbà tí ọlọ́pàá mẹ́ta bá gbá olè kan mọ́lẹ̀. A tún máa ń lò ó fún òórùn tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kò lè mí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pípọ̀ nǹkan ni, “overwhelm” ni: iṣẹ́ lè “overwhelm” ènìyàn, inú rere náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú ní gbogbo ìgbà.

Bí ó bá jẹ́ olórí tàbí ìjọba ni wọ́n yọ lórí àlééfà ní tipátipá, “overthrow” ni. Àwọn ológun “overthrew” ìjọba Shehu Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. A kì í fi “overthrow” sọ nípa àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi sọ nípa ọ̀gá tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ pé tó sì fẹ̀yìn tì.

Mẹ́ta tó kù jẹ mọ́ ìpinnu, wọ́n sì sún mọ́ra gan-an. “Overrule” ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí ipò rẹ̀ fún un láṣẹ: adájọ́ a máa “overrule” àtakò agbẹjọ́rò, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ a sì máa “overrule” ìlànà tí òun tìkára rẹ̀ fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ti Amẹ́ríkà ti ṣe ní ọdún 2022 nígbà tí ó fagi lé ìdájọ́ ọdún 1973 lórí oyún ṣíṣẹ́. “Override” ni kí agbára kan fo agbára mìíràn kọjá kí ti èkejì yìí má baà já mọ́ nǹkan mọ́: bí Ààrẹ Nàìjíríà bá kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin, abala 58 nínú Òfin ọdún 1999 yẹn sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè tún un fọwọ́ sí kí ó sì di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Wọ́n ti “override” rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò “overrule” rẹ̀, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣeé “override”: awakọ̀ òfuurufú lè gba ìdarí lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń fò fúnra rẹ̀. “Overturn” sì ni kí a yí ìdájọ́ tó ti wà nílẹ̀ padà, bí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe máa ń ṣe sí ti ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀.

Àyẹ̀wò: ní iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú “akitiyan”, “agbára ara”, “pípọ̀”, “ipò” tàbí “ìjọba”. Bí ẹ kò bá rí èyí tó bá a mu, ọ̀rọ̀ tí ẹ mú kì í ṣe òun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ rí i pé “jù” ni ẹ ní lọ́kàn, kì í ṣe “gan-an”

Lábẹ́ àkọlé “jù”, ẹ̀bi ni “over” ń tọ́ka sí. “Overconfident” kì í ṣe ẹni tó ní ìgboyà gan-an. Ẹni tí ìgboyà rẹ̀ ti kọjá ààlà ni. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwa tí a ń sọ “over-sabi” ní ìgboro mọ èyí dáadáa, nítorí a kì í fi yin ẹnikẹ́ni. “Overjoyed” yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí inú tó dùn dé góńgó ni, kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe àwòkọ́ṣe láti dá “overhappy” sílẹ̀.

Mẹ́ta kan tún wà tí wọ́n máa ń pààrọ̀ láìyẹ. “Overestimate” wà nínú ọkàn: ẹ rò pé iye nǹkan pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. “Overstate” wà lẹ́nu: ẹ sọ ọ́ ju bí ó ti rí lọ. “Overrate” wà nínú ìkàsí: ẹ gbé ènìyàn tàbí nǹkan ga ju ipò rẹ̀ lọ. Bákan náà, “overact” jẹ́ ti òṣèré tó ń ṣe àṣejù lórí ìtàgé, “overreact” sì jẹ́ ti ẹni tó bínú kọjá ohun tí wọ́n ṣe fún un. “Overdue” ni ohun tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, bí owó ilé tí a kò tíì san. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, etí lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára “overdo”, ojú ni kí ẹ fi yà á.

Àyẹ̀wò: ẹ fi “too” tàbí “too much” rọ́pò “over”. Bí gbólóhùn náà bá di èébú tí ẹ kò gbèrò, ẹ lo “very”.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún ìrísí àti ohùn ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò

Èyí kò gùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí “over” lẹ̀ mọ́ máa ń yí padà bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: “see” di “saw”, nítorí náà “oversee” di “oversaw”, “overtake” di “overtook”, “override” di “overrode”. Ẹ má kọ “overcomed” láé. “Overflow” di “overflowed”. “Overflown” jẹ́ ti “overfly”, ọkọ̀ òfuurufú tó fò kọjá lókè ìlú. Ní ti ohùn, “overflow” àti “overthrow” máa ń gba agbára ní iwájú bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, wọ́n a sì gbà á ní ẹ̀yìn bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Etí tó mọ ìyàtọ̀ igbá sí igba kò ní pẹ́ gbọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ mú lẹ́tà àtijọ́ tí ẹ gbé sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí “over” bẹ̀rẹ̀, àti gbogbo ibi tí “over” ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ẹ sì kọ Yorùbá ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan síta pẹ̀lú Yorùbá yẹn dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi. Nígbà tó ka “ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú fo àwọn ìwé-ẹ̀rí mi” síta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ la gbólóhùn náà kọjá, ó sì kọ “Please find my certificates attached” sábẹ́ rẹ̀.